Bàtà Létí Kòtò

Ìṣó náà kò fẹ́ jáde. Pásítọ̀ Ebenezer Akínọlá ki ẹnu irin gbọọrọ bọ abẹ́ pákó, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ògiri, ó sì fi gbogbo ara fà á. Pákó náà han, ó sì tú. Ó gbé e ti àwọn tó ti tú ṣáájú, ó fi òòlù gbá ìṣó rẹ̀ padà kí ó má baà gún ẹnikẹ́ni, ó sì bọ́ sórí èyí tó kàn. Òógùn ti lẹ ẹ̀wù mọ́ ọn lẹ́yìn. Kì í ṣe pákó ni ó ń wá. Àwọn òpó gẹdú tó gbé pákó dúró ni ó ń wá, abẹ́ ni wọ́n sì wà.

Pèpéle tuntun ni ó ń tú. Àná ni àwọn káfíńtà kan ìṣó ìkẹyìn mọ́ ọn. Wọ́n gbé àga ńlá kan lé e, wọ́n fi aṣọ funfun bo àga náà. Lọ́la, lọ́jọ́ Àìkú, ni Alàgbà Ògoolúwa yóò jókòó sórí rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, tí wọn yóò sì fi í jẹ Bàbá Ìjọ. Pásítọ̀ ti gbé àga náà sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan pákó kankan. Ó wà ní igun ilé báyìí nínú aṣọ funfun rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ dúró síbẹ̀.

Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣókùnkùn. Òjò ti ṣú sí apá Zawan.

"Sannu da aiki, Pásítọ̀."

Lukman ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí i kú iṣẹ́ ní èdè Haúsá, okùn tó lọ yá lọ́wọ́ ẹlẹ́ran wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yauwa," ni Pásítọ̀ dáhùn láìgbé orí sókè. "Má dúró síbẹ̀ bí àlejò. Wọlé, kí o di ìdí òpó yìí mú."

"Amọ̀ kún bàtà mi."

"Bọ́ ọ."

Lukman bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó kọ imú bàtà náà síta, gẹ́gẹ́ bí àwọn awakùsà ti máa ń ṣe, ó sì wọlé wá di òpó mú.

Lukman ni olórí àwọn tó ń wa kùsà fún Alàgbà Ògoolúwa ní Zawan. Kùsà tí à ń sọ yìí, tánńganran ni. Iyanrìn dúdú tó wúwo, tí wọ́n ń hú lábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n sì ń fọ̀ nínú omi. Mùsùlùmí ni Lukman, ṣùgbọ́n bàbá àgbà rẹ̀ àti bàbá àgbà Pásítọ̀ jọ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ni, wọ́n jọ ta aṣọ ní Jos. Ọ̀kan kọ́ ilé sí ẹ̀bá mọ́ṣáláṣí, èkejì kọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀bá ṣọ́ọ̀ṣì. Títí di òní, ìdílé méjèèjì ń pe ara wọn ní ará ilé.

Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Lukman ti ń bẹ Alàgbà pé kí ó ra gẹdú tí wọn yóò fi ti kòtò. Wọ́n ti gbẹ́ ihò láti ìsàlẹ̀ kòtò wọ abẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí kùsà pọ̀ sí, kò sì sí ohun tó gbé orí ihò náà dúró ju àánú Ọlọ́run lọ. Nígbẹ̀yìn, Alàgbà rà á. Ọkọ̀ akẹ́rù kó o dé. Ṣùgbọ́n kò já a sí Zawan, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Dadin Kowa ni ó já a sí. Alàgbà ti rí i pé pèpéle àtijọ́ ń mì nígbà tí àwọn akọrin bá ń jó. Ó dìde láàárín ìsìn, ó ní òun fi gẹdú náà ta Olúwa lọ́rẹ. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé igi náà, ó gbàdúrà lé e lórí, ó yà á sí mímọ́.

Lukman wá bá a lọ́jọ́ kejì. Ó ní igi kòtò ni igi náà. Pásítọ̀ dá a lóhùn pé ohun tí a bá ti fún Ọlọ́run, a kì í gbà á padà. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó fún un ní omi mu, ó sì sìn ín dé ẹnu géètì.

Láàárọ̀ òní, Lukman tún wá. Kò jókòó, kò gba omi. Ó ní ilẹ̀ ti là létí kòtò, ọwọ́ ènìyàn lè wọ inú ẹ̀là náà títí dé ìgúnpá. Ó ní Dáníẹ́lì, tó ń bójú tó kòtò fún Alàgbà, ti ní kí àwọn ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ lọ kó kùsà tó kù kí omi òjò tó gbà á. Ẹni tí kò bá wọlé lónìí kò gbọdọ̀ padà wá. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

"Mo bẹ̀ wọ́n, Pásítọ̀," ni Lukman wí. "Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ebi kì í gbọ́ ìtàn ilẹ̀ tó là."

Pásítọ̀ ti wàásù rí nípa àwọn àgbààgbà tí Jésù bá wí, àwọn tó ń kọ́ ọmọ pé kí ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, ohun tí ǹ bá fi tọ́jú rẹ, mo ti fi tọrẹ ní tẹ́ńpìlì. Kí ìyá náà sì máa gbé inú ebi, kí ọmọ máa gbé inú ìyìn. Ó ti wàásù rẹ̀ dáadáa. Àwọn ènìyàn tilẹ̀ wá kí i lẹ́yìn ìsìn. Ó wo Lukman títí, lẹ́yìn náà ó rìn lọ sí yàrá irinṣẹ́.

Báyìí, òpó àkọ́kọ́ ti jáde. Wọ́n gbé e lé èjìká dé ẹnu ọ̀nà ńlá. Ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé, ọkọ̀ tí Monica, ìyàwó Pásítọ̀, fi ń kó pọ̀tétò láti Du wá sí ọjà. Monica sọ̀ kalẹ̀. Ó wo òpó, ó wo ihò tó wà níbi tí pèpéle wà láàárọ̀.

"Bàbá Fisáyọ̀, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe?"

"Mo mọ̀."

"Ó dáa. Nítorí àwọn ìyá ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá to òdòdó sórí pèpéle. Bí wọ́n bá bá a báyìí, ẹkún tí wọn yóò sun, òkú kò gba irú rẹ̀ rí."

"Pọ̀tétò ṣì wà nínú ọkọ̀?"

"Ó kún."

"Kó o sílẹ̀. Zawan ni à ń lọ."

"Kí n kó o sí ibo?"

"Sínú ṣọ́ọ̀ṣì."

Monica wò ó. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ẹ ń kó gẹdú jáde, ẹ ń kó pọ̀tétò wọlé. Ìkórè ti dé o." Lẹ́yìn náà ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbé àpò kan lé orí. Kò tún bi í ní ìbéèrè mìíràn.

Wọ́n ń gbé òpó ìkẹyìn sọ́kọ̀ nígbà tí Alàgbà Ògoolúwa dé. Ẹnìkan ti lọ sọ fún un.

Alàgbà Ògoolúwa kì í ṣe ènìyàn burúkú lójú ẹnikẹ́ni. Òun ni ó kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni ó ń rán àwọn ọmọ opó lọ sí ilé ìwé. Kì í pariwo. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nínú agbádá rẹ̀, ó pa ọwọ́ pọ̀ sí ẹ̀yìn.

"Pásítọ̀ mi, ẹ kú iṣẹ́."

"A dúpẹ́, Alàgbà."

"Ta ni ó ní kí wọ́n tú u?"

"Èmi ni."

"Ṣé wọn kò kàn án dáadáa ni?"

"Wọ́n kàn án dáadáa. Ibi tí wọ́n kàn án sí ni kò dára."

Alàgbà yí ojú sí Lukman. "Haba, Lukman. O gba ẹ̀yìn mi lọ bá Pásítọ̀?"

"Iwájú yín ni mo kọ́kọ́ wá, Alàgbà," ni Lukman wí. "Mo wá títí ìsàlẹ̀ bàtà mi fi jẹ tán."

"Mo sì sọ fún ọ pé tí Àìkú bá ti kọjá, màá ra òmíràn."

"Òní ni àwọn ènìyàn wà nísàlẹ̀," ni Pásítọ̀ wí.

"Wọ́n ti ń wà nísàlẹ̀ tipẹ́, Pásítọ̀. Kí ni ó ṣe wọ́n? Kò sí. Ṣé ẹ rò pé lásán ni? Ọlọ́run ń ṣọ́ wọn nítorí ohun tí mò ń ṣe nínú ilé rẹ̀."

Pásítọ̀ gbé ìdí òpó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ọdẹ aṣọ́lé ni Ọlọ́run, Alàgbà, tí ẹ fi gẹdú gbà síṣẹ́?"

Ohùn Alàgbà ṣì rọ̀. "Ẹ̀yin ni ẹ gbàdúrà sí igi yìí. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Tí ẹ bá gbé e kúrò nílé Olúwa láìsọ fún ìjọ, orúkọ wo ni kí n pè é?"

"Ẹ pè é ní olè. Igi àwọn ẹni tó wà nínú kòtò ni ẹ fún Ọlọ́run, èmi ni mo sì gbà á lọ́wọ́ yín. Àdúrà yẹn ń bà mí lẹ́rù ju ìjọ lọ."

"Ó dáa. Ọ̀la ni ìjọ yóò pàdé. Ẹ rántí pé ìjọ ni ó pè yín wá. Ìjọ náà mọ bí wọ́n ti ń dágbére fún Pásítọ̀."

Monica yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀. "Alàgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún díẹ̀. Mo fẹ́ fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn."

Alàgbà sún.

Lójú ọ̀nà, Pásítọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Monica, irin gbọọrọ náà wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Lukman wà lẹ́yìn pẹ̀lú gẹdú. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ Zawan ni ojú ọ̀run ń wálẹ̀. Wọ́n kọjá lẹ́bàá àwọn adágún omi tí àwọn òyìnbó awakùsà fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ. Ní ọjọ́ mìíràn, àwọn obìnrin a máa fọ kùsà létí omi wọ̀nyí, wọn a máa pe ara wọn láti ìhà kan sí èkejì. Lónìí kò sí ẹnìkan. Abọ́ ìfọ̀ kan dojú dé létí omi, afẹ́fẹ́ ń gbé e, ó ń fi í sílẹ̀. Darandaran kan ń sáré da màlúù rẹ̀ lọ sílé. Ó wo gẹdú inú ọkọ̀, ó wo ọ̀run, ó sì mi orí.

Ọkọ̀ kò lè dé ìdí kòtò. Wọ́n dúró níbi tí amọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń gbé òpó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kòtò náà lanu láàárín pápá. Ìtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri rẹ̀ ni wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Létí rẹ̀ ni bàtà àwọn tó wà nísàlẹ̀ tò sí, sílípáàsì rọ́bà, bàtà bọ́ọ̀lù tí ìdí rẹ̀ ti jẹ, bàtà awọ kan tó ti di funfun nítorí eruku. Gbogbo wọn kọ imú síta, sí ọ̀nà ilé. Bí awakùsà bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà rẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá jáde, òun nìkan ni ó lè mú un. Ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn án, ìbáà ṣe àwàdà. Bàtà ni ó ń sọ fún ẹni tó wà lókè pé ta ni ó ṣì kù nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kan sí àwọn bàtà náà, láàárín wọn àti kòtò, ni ilẹ̀ ti là. Ẹ̀là náà yí etí kòtò ká bí ètè.

Dáníẹ́lì sáré wá pàdé wọn. "Pásítọ̀! Ẹ wá súre fún wa? Ó bọ́ sákòókò o, òjò ń bọ̀."

"Pe àwọn ènìyàn jáde."

"Kò sí lọ́wọ́ mi, Pásítọ̀. Alàgbà ni ó ní kí wọ́n kó o tán."

"Nígbà náà, gbé igi."

Dáníẹ́lì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé igi.

Pásítọ̀ bọ́ bàtà dúdú tí ó ti nù dán láàárọ̀. Ó fi í sí ìparí ọ̀wọ́, ó kọ imú rẹ̀ síta bíi ti àwọn yòókù. Bí ó ti ń nàró, ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí Ọlọ́run ní kó bọ́ bàtà níwájú igbó tó ń jó wá sí i lọ́kàn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ń bọ́ bàtà níbí lójoojúmọ́, òun kò sì fìgbà kankan rò pé ilẹ̀ mímọ́ lè wà ní ibi tí òun kò yà sí mímọ́. Lukman náà ti bọ́ tirẹ̀. Wọ́n di okùn mú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Òtútù wà nísàlẹ̀, òórùn ilẹ̀ àti ti ènìyàn papọ̀. Iná orí àwọn awakùsà ń mì nínú ihò ẹ̀gbẹ́. Iyanrìn ń jábọ́ láti orí ihò, díẹ̀díẹ̀, ṣìì, yóò dúró, ṣìì. Pásítọ̀ gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé kò sí ohun tó jọ àánú nínú ìró náà.

Òun àti Lukman gbé òpó méjì nàró lẹ́nu ihò, wọ́n fi ẹ̀kẹta dábùú lé wọn lórí bí àtẹ́rígbà, Lukman sì fi òòlù gbá a títí ó fi le. Wọ́n sún síwájú, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn awakùsà ń gba abẹ́ apá wọn jáde.

"Pásítọ̀, ẹ ti gba iṣẹ́ tuntun?" ni ọ̀kan wí. "Ẹ kò ní pẹ́ rù wẹ́wẹ́ bíi tiwa."

"Gba òkè lọ kí o tó máa bú mi."

"Kai! Ẹ má bínú. Ọwọ́ yín ni mo ń wò, ó ti ń ṣẹ̀jẹ̀."

Lóòótọ́ ni. Pásítọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó sì gbé òpó tó kàn.

Nígbà tí iná tó kẹ́yìn ti jáde, Lukman pariwo sínú ihò, kò sí ẹni tó dáhùn. Wọ́n gòkè. Òjò ti ń dá ẹ̀kán. Lókè, àwọn ènìyàn ń wọ bàtà wọn, wọ́n ń gbọn iyanrìn kúrò nínú irun, ọ̀kan ń tọrọ sìgá lọ́wọ́ èkejì. "Gbogbo wọn ti jáde," ni Dáníẹ́lì wí. Ó ti ń ká okùn.

Pásítọ̀ na ọwọ́ sí bàtà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Bàtà kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ àti ti Lukman. Sílípáàsì rọ́bà aláwọ̀ sánmà ni, wọ́n fi wáyà di okùn rẹ̀ kan tó já.

"Ta ni ó ni èyí?"

Wọ́n wò ó.

"Ti Ṣèyí ni," ni Lukman wí.

Pásítọ̀ mọ Ṣèyí. Akọrin ni nínú ìjọ, òun ni wọ́n ní kó dá orin lọ́la nígbà tí Alàgbà bá ń gòkè lọ sórí àga. Ìyá rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn láti ìgbà ọyẹ́, kò sì ní ọmọ mìíràn.

"Ó ní òun rí ibì kan tó dúdú ní ìparí ihò," ni ẹnìkan wí pẹ̀lú ohùn kékeré. "Mo rò pé ó ti ṣáájú wa jáde."

Kò sí ẹni tó sún. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ẹ̀là ilẹ̀ ti fẹ̀ ju bí ó ti wà lọ nígbà tí wọ́n dé, omi òjò sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀ láìkún un. Òpó kan ṣoṣo ni ó kù lórí ilẹ̀. Pásítọ̀ gbé orí rẹ̀, Lukman gbé ìdí. Monica gba okùn lọ́wọ́ Dáníẹ́lì, ó so ó mọ́ ìbàdí ọkọ rẹ̀, ó sì yí èyí tó kù mọ́ apá ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọkùnrin," ló wí fún àwọn tó dúró, "tí ẹ kò bá ní sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá di okùn mú."

Wọ́n wá.

Nísàlẹ̀, gẹdú ti ń sọ̀rọ̀. Àtẹ́rígbà àkọ́kọ́ ti tẹ̀ láàárín. Wọ́n wọ́ wọlé lábẹ́ rẹ̀, wọ́n wọ́ lábẹ́ ìkejì, títí wọ́n fi dé ibi tí igi parí sí. Iná kékeré kan ń tàn níwájú, sísàlẹ̀, níbi tí ihò ti fún.

"Ṣèyí!"

"Pásítọ̀? Ẹ̀yin nìyẹn?" Ohùn náà kún fún ayọ̀. "Ẹ wá wò ó, Pásítọ̀! Ó dúdú bí èédú, kò ní yanrìn nínú!"

"Fi í sílẹ̀ kí o jáde."

"Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o tán. Ọlọ́run ló fi hàn mí, ẹ jọ̀wọ́, ti oògùn Màmá nìyí—"

Ilẹ̀ já lù ú ní ẹsẹ̀. Kò pọ̀, ó kan bo orúnkún rẹ̀ ni. Ṣèyí ké. Pásítọ̀ fi òpó tó kù ti orí ihò náà, ó gbé e nàró pẹ̀lú èjìká nítorí kò sí àyè láti gbá a, ó sì rọ mọ́ ọn. Ó gbọ́ bí ohun tó wúwo ṣe bọ́ sórí igi náà, tí igi gbà á, tí èjìká òun náà sì gbà nínú rẹ̀. Lukman kọjá lábẹ́ apá rẹ̀ lórí ikùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì hú yanrìn. Ó ń pe orúkọ Ọlọ́run bí Mùsùlùmí ti ń pè é, léraléra, Pásítọ̀ sì ń ṣe àmín sí i láìmọ̀.

"Mo ti dì í mú!"

"Fà á. Má dúró tì mí."

Lukman fa Ṣèyí kọjá. Pásítọ̀ ka ẹsẹ̀ wọn títí ó fi gbọ́ wọn lábẹ́ àtẹ́rígbà. Nígbà náà ni ó fi igi sílẹ̀, ó sì wọ́ tẹ̀ lé wọn. Okùn ìbàdí rẹ̀ le, wọ́n ń fà á láti òkè bí ẹni fa omi. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn òpó ń ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti inú wá síta.

Wọ́n dé òkè. Kò sí ẹni tó rí ìgbà tí ilẹ̀ lọ. Wọ́n kàn gbọ́ ìró kan tó dún bí ẹni pa ìlẹ̀kùn ńlá dé nínú ilé tó ṣófo. Nígbà tí wọ́n wò, kòtò kò sí mọ́. Ilẹ̀ tó rì ni ó wà níbẹ̀, òjò sì ń rọ̀ sí i. Kò ku ègé gẹdú kan lójú ilẹ̀.

Ṣèyí jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó di ọwọ́ ọ̀tún ní ìkúùkù. Monica la ọwọ́ náà fún un. Yanrìn dúdú ni ó wà nínú rẹ̀. Òjò fọ̀ ọ́ lọ láàárín ìka rẹ̀ bí gbogbo wọn ti ń wò ó.

Alàgbà Ògoolúwa rìn bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, awakọ̀ rẹ̀ gbé agbòjò lé e lórí. Ó wo ibi tí kòtò wà. Ojú rẹ̀ yí padà, ẹ̀rù sì hàn nínú rẹ̀ ní tòótọ́.

"Ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀?"

"Kò sí," ni Lukman dáhùn. "Gbogbo wa nìyí."

Alàgbà mí kanlẹ̀. Ó di ojú, ó gbé ọwọ́ kan sókè. "Ẹ rí i? Pásítọ̀, ṣé ẹ rí i báyìí? Mo sọ fún yín pé ó ń ṣọ́ wọn. Kò sí ọrẹ tó ń ṣègbé. Ọ̀la, a ó dúpẹ́ dáadáa."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wá sí Pásítọ̀ lẹ́nu ni ó ti lò lórí àga ìwàásù rí, kò sì sí èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn.

"Kò sí pèpéle tí ẹ ó dúró lé, Alàgbà."

"Ọlọ́run yóò pèsè." Alàgbà ti ń wo apá kejì pápá, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀. Ó fi ìka pe Dáníẹ́lì. "Ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Ó jọ pé ilẹ̀ rẹ̀ le."

Dáníẹ́lì wo ibẹ̀. Àwọn ènìyàn náà wo ibẹ̀. Ẹni tó ń tọrọ sìgá lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé dígà rẹ̀ nílẹ̀.

Lukman wọ bàtà rẹ̀, Pásítọ̀ náà wọ tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè di okùn rẹ̀, Monica ni ó bá a dì í. Ó gbé irin gbọọrọ náà, ó nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀ nù.

"Lukman, jẹ́ ká lọ."

"Ẹ máa lọ, Pásítọ̀." Lukman kò bọ́ bàtà, kò sì gbé dígà. Ó jókòó sórí òkúta kan lójú ọ̀nà ilẹ̀ gíga náà. "Ó yẹ kí ẹnìkan máa ṣọ́ bàtà."

Wọ́n gbé Ṣèyí sáàárín wọn, wọ́n rìn dé ọkọ̀. Monica ṣáná sí ọkọ̀. Bí wọ́n ti ń yí orí ọkọ̀ padà, wọ́n gbọ́ dígà àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀ lẹ́yìn wọn, lẹ́yìn náà ìkejì. Ṣèyí fẹ́ bojú wẹ̀yìn. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e ní ọrùn, ó yí ojú rẹ̀ sí ọ̀nà ilé, ọkọ̀ sì gbéra.